Mówà tí kò lè gun òkè mọ́: bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó ń ṣe háídírò rẹ̀ kí ẹ sì tún un ṣe

Mówà tí a ń jókòó lé, èyí tó jẹ́ pé ẹ kàn ń tẹ pẹ́dà tó ń lọ láìsí pé ẹ ń já gíà, kì í ṣàdédé kú. Ńṣe ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀, á gun òkè bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀. Tó bá ti gé koríko fún ìṣẹ́jú 20, ẹ́ńjìnì á máa pariwo lásán, táyà ò ní fẹ́ yí mọ́. Ẹ gbé e síbòji kó tutù, á tún lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn nílẹ̀ wa jẹ́ tòkúnbọ̀ tó ti gé koríko Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wọkọ̀ ojú omi, ìyẹn ló jẹ́ kó yá mẹkáníìkì lára láti sọ lójú ẹsẹ̀ pé háídírò, ìyẹn gíà tó ń fi ọ́ìlì yí táyà, ti lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì lọ. Bẹ́ẹ̀lì ló ń yọ̀, tàbí fáànù ló kán, tàbí ẹnì kan ló ti mówà láná tí kò dá irin rẹ̀ padà sí àyè.

Gíà háídírò tó ń jẹ́ Tuff Torq K46 ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ mówà John Deere L100, LA100, D100 àti X300. Níbi tí gíà ilé iṣẹ́ kejì, Hydro-Gear, bá ti yàtọ̀, a ó sọ ọ́.

Ọ́ìlì ló ń gbé ẹrù

Bẹ́ẹ̀lì láti abẹ́ ẹ́ńjìnì ń yí púlè kan lórí gíà. Púlè náà ń yí pọ́ǹpù kan tí àwọn písítìnì kéékèèké wà nínú rẹ̀. Pẹ́dà tí ẹ ń tẹ̀ ló ń mú kí àwo kan dagun níwájú àwọn písítìnì yìí: tí àwo bá dúró ṣánṣán, wọn ò ti ọ́ìlì kankan, bó bá ṣe dagun tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì tí wọ́n ń tì ṣe ń pọ̀ tó. Ọ́ìlì yìí ló ń lọ yí mọ́tò kan tó wà nínú gíà yẹn kan náà (kì í ṣe mọ́tò tí a ń wọ̀), tí mọ́tò yẹn sì ń yí táyà.

Àlàfo tó wà láàárín písítìnì àti ihò rẹ̀ kéré ju irun orí lọ. Bí ọ́ìlì bá gbóná, ó ń ṣàn bí omi, á wá máa gba àlàfo yẹn sá padà dípò kó ti mọ́tò. Bí iṣẹ́ ọdún púpọ̀ bá ti jẹ àlàfo náà fẹ̀, èyí tó ń sá padà á pọ̀ ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí òkè àti ooru fi ń tú àṣírí rẹ̀.

Ṣé kò sáré ni, àbí kò lágbára?

Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, àmọ́ orúkọ kan náà ni àwọn tó ń lò ó ń pè é. Ẹ gbé mówà lọ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ tẹ pẹ́dà dé ìsàlẹ̀. Tó bá ń rọra lọ níbẹ̀, tó sì ń rọra gun òkè bẹ́ẹ̀ náà láìdúró, agbára rẹ̀ ò tán. Pẹ́dà ni kò fa apá irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà dé ibi tó yẹ. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹnì kan tẹ pẹ́dà, kí ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ wo apá náà bóyá ó ń rìn dé òpin. Bọ́ọ̀ṣì ojú ihò tí ọ̀pá pẹ́dà gbà kọjá ló sábà máa ń jẹ tàbí kó bọ́. Ihò tó fi mílímítà 3 péré fẹ̀ jù ti jẹ púpọ̀ nínú ìrìn ọ̀pá náà. Ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì, tàbí kí ẹ tún gígùn ọ̀pá ṣe níbi tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà, ó parí.

Tó bá jẹ́ agbára ni kò sí, ẹ bi ara yín léèrè ìgbà tó máa ń ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ láti ìgbà tó ṣì tutù, ìta gíà ni kí ẹ fura sí: bẹ́ẹ̀lì, irin tí a ń fà ká tó tì í, búréèkì, kíì táyà. Bó bá dára fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó dẹwọ́, ẹ wo fáànù àti ìdọ̀tí orí gíà, lẹ́yìn náà kí ẹ kan ọ́ìlì. Bó bá sì lágbára sẹ́yìn tí kò lágbára síwájú, tí apá irin yẹn sì ń rìn dé òpin níhà méjèèjì, fáfù inú gíà ni. Ẹ má wulẹ̀ ra bẹ́ẹ̀lì sí irú èyí: ọ̀nà kan náà ni bẹ́ẹ̀lì ń yí, ì báà jẹ́ iwájú lẹ ń lọ tàbí ẹ̀yìn, kò lè máa yọ̀ síhà kan ṣoṣo.

Ohun tí kò ná yín ní kọ́bọ̀

Ẹ wo ọ̀pá tí wọ́n ya ehoro àti ìjàpá sí. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ mówà ń fi í sí ẹ̀gbẹ́ ìjàpá kí epo lè pẹ́. Ẹ́ńjìnì ló ń yí pọ́ǹpù, òun náà ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí gíà. Tó bá ń rọra yí, atẹ́gùn ò tó, gíà á sì hó. Epo tí wọ́n rò pé àwọn rí ṣẹ́kù, háídírò ló ń san án. Orí ehoro ni kó wà ní gbogbo ìgbà iṣẹ́, kí ẹ́ńjìnì lé ní ìyípo 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Pẹ́dà ni kí wọ́n fi dín ìrìn kù.

Táyà ńkọ́? Táyà ẹ̀yìn D100 kò fẹ́ ju nǹkan bí 10 psi lọ, ti iwájú 14. Fọkanáísà tí kò rí irú rẹ̀ rí á fún un ní 30 bíi ti mọ́tò, táyà á le gbandi, á máa yọ̀ lórí koríko tútù, ẹ ó sì máa bú gíà.

Lẹ́yìn mówà, nísàlẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ẹ ń fà síta kí ẹ tó lè fọwọ́ tì í. Irin yẹn ń ṣí fáfù kan tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì yí po láìṣiṣẹ́. Bí kò bá padà tán, ìdajì agbára lè máa gba ibẹ̀ lọ. Ẹ má kàn ti irin náà wọlé kí ẹ sì dìde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo apá kékeré tó so mọ́ lórí gíà, torí irin lè wọlé kí apá yẹn dúró síbi tó wà bí ìpẹtà tàbí koríko bá há a, tàbí tí sípíríǹgì rẹ̀ bá ti já. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin nù ún, kí ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ fà á wá fà á lọ títí á fi máa rìn wẹ́rẹ́.

Ìdánwò kan wà tó ń sọ ohun púpọ̀ níbí. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì ní pípa tí búréèkì sì wà ní títú, ẹ fa irin náà síta kí ẹ ti mówà. Ó yẹ kó rìn, kó kàn wúwo díẹ̀. Bó bá ń le bíi pé ẹnì kan di táyà mú, búréèkì ni kò tú tán. Nínú ọ́ìlì ni àwo búréèkì K46 wà, ooru tó bá dá sílẹ̀ inú ọ́ìlì yẹn náà ló ń lọ, nítorí náà ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ọ̀pá búréèkì. Ẹ wá ti irin wọlé kí ẹ tún tì í. Ó yẹ kó kọ̀ fún yín. Bó bá ṣì ń yí wẹ́rẹ́, fáfù yẹn ò tì, tàbí inú gíà ti jẹ jìnnà.

Bí mówà ò bá lọ rárá, tí ẹ sì ń gbọ́ tí gíà ń yí, ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè, kí ẹ ṣí ìdérí rọ́bà àárín táyà ẹ̀yìn. Kíípì kan ló di táyà mú níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fa táyà síta, kí ẹ wo irin kékeré onígun mẹ́rin, ìyẹn kíì, tó wà láàárín táyà àti ọ̀pá rẹ̀. Bí kíì ẹ̀gbẹ́ kan bá já, mówà ò ní kúrò lójú kan, nítorí ẹ̀gbẹ́ tí kò lẹ́rù ni gíà máa ń darí ìyípo sí. Ẹ fi gíríìsì sára ọ̀pá náà kí ẹ tó dá táyà padà, kó má baà dípẹtà mọ́ ara wọn.

Bẹ́ẹ̀lì: ibi tí owó ti ń ṣòfò jù

Kí ẹ lè dá bẹ́ẹ̀lì mọ̀ yàtọ̀ sí gíà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tàbí ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí púlè gíà dé orí ọ̀pá àárín rẹ̀. Ẹ gbé imú mówà ti ògiri líle pẹ̀lú pákó láàárín, kí ẹ pa abẹ. Ẹnì kan á jókòó, á fi í sórí ehoro, á sì rọra tẹ pẹ́dà síwájú fún ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 4, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ọ́ìlì ń gbóná kíákíá báyìí. Ẹnì kejì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìgbésẹ̀ méjì sí i, kì í ṣe níwájú tàbí lẹ́yìn, á máa wo púlè. Bí púlè bá dẹwọ́ tàbí dúró nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń sáré, bẹ́ẹ̀lì ló ń yọ̀. Ẹ lè gbọ́ bó ṣe ń han tàbí òórùn rọ́bà tó ń jó. Bí púlè bá ń yí ní ìyára kan náà tí táyà ò sì fẹ́ yí, inú gíà ni ọ̀ràn wà. Ẹ pa ẹ́ńjìnì kí ẹ wá wo ìlà yín. Bí ìlà orí púlè bá ti kúrò níbi tí ti ọ̀pá àárín wà, eyín tó di méjèèjì mú ti jẹ. Ẹ̀yí jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ń fò, tí wọ́n á sì lọ ra odidi gíà nítorí púlè kan.

Bẹ́ẹ̀lì tó ṣì dára, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dọ́gba pẹ̀lú etí púlè. Èyí tó ti jẹ á rì sínú. Ẹ yẹ ìdí ihò púlè wò: bó bá ń dán bíi dígí, bẹ́ẹ̀lì ti ń fi ìdí jókòó síbẹ̀ dípò kó fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì há. Kò sí bí ẹ ṣe lè fà á le tó, á yọ̀.

Ní Ládípọ̀, wọ́n á bá yín wọn bẹ́ẹ̀lì mọ́tò tí gígùn rẹ̀ bára mu. Ó máa wọ̀, ó máa ṣiṣẹ́, kò sì ní pẹ́. Okùn inú bẹ́ẹ̀lì mówà jẹ́ aramid tí kì í fà, aṣọ sì wà lára rẹ̀ nítorí pé ó ń yọ̀ ó sì ń mú nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ búréèkì, ó tún ń tẹ̀ kẹ́yìn lórí púlè pẹrẹsẹ. Bẹ́ẹ̀lì fáànù mọ́tò kò mọ irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára bẹ́ẹ̀lì àtijọ́, tàbí nọ́ńbà mówà fúnra rẹ̀, béèrè. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ fọwọ́ yí àwọn púlè kéékèèké tó ń tì í: èyí tó bá ń dún wàràwàrà tàbí tó ń mì, bíárìn rẹ̀ ti lọ. Ẹ wo sípíríǹgì tó ń fà á pẹ̀lú. Bí àlàfo bá ti wà láàárín òrùka rẹ̀ nígbà tí kò fa nǹkan kan, ó ti nà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Fáànù àti ìdọ̀tí

Ẹ yọ ìdọ̀tí orí gíà. Ó rọrùn láti kọ, àmọ́ kò rọrùn láti ṣe, torí koríko tó bá pò mọ́ ọ́ìlì á di bí ẹ̀kọ dídì láàárín àwọn ìlà irin tí wọ́n fi ń lé ooru jáde. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà atẹ́gùn fọkanáísà. Ẹ má gbé e lọ sí ibi ìfọmọ́tò tó ń fi omi agbára fọ̀: ìdérí ọ́ìlì tó wà lókè gíà ń mí, omi tó bá gba ibẹ̀ wọlé á sọ ọ́ìlì di funfun bíi mílíìkì. Rọ́bà ni fáànù náà, lára ọ̀pá púlè ló wà. Bí abẹ̀bẹ̀ 2 tàbí 3 bá ti kán lára rẹ̀, kò wúlò mọ́.

Lílé atẹ́gùn jáde

Bí gíà bá ń ké, tó ń fà tó ń dẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n tú u tàbí tí ọ́ìlì jò, atẹ́gùn wà nínú rẹ̀. Ẹ fi igi di táyà iwájú, kí ẹ gbé ìdí mówà sórí ìtì igi tó lágbára kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì wà lófuurufú. Jáàkì nìkan ò tó.

Ẹ fa irin ẹ̀yìn síta, ẹ ṣáná, kí ẹ́ńjìnì rọra ṣiṣẹ́. Ẹ rọra tẹ pẹ́dà síwájú, kí ẹ mú un dání fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn fún 5. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 5 tàbí 6. Ẹ pa á, ẹ ti irin wọlé, kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní ìgbà 5 tàbí 6. Ẹ wo ọ́ìlì, kí ẹ fi kún un bó bá lọ sílẹ̀. Bí igbe náà bá ṣì wà, ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Pípààrọ̀ ọ́ìlì

Àwọn tó ṣe K46 ò dá ihò sísan sí abẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n retí pé kó lò dópin. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú ti Amẹ́ríkà, ìyẹn ṣeé gbọ́. Fún mówà tó ń gé ọgbà ilé ìwé lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ nínú oòrùn wa, kò ṣeé gbọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo wákàtí 200, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ gíà kalẹ̀.

1. Ẹ jẹ́ kó tutù pátá. Ẹ tú okùn bátìrì ẹ̀gbẹ́ òdì, kí ẹ sọ ilé abẹ kalẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò bẹ́ẹ̀lì, ọ̀pá àti sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.
2. Ẹ gbé ìdí mówà sórí ìtì igi, kí ẹ yọ táyà méjèèjì, kí ẹ tọ́jú kíì wọn. Ẹ yọ bẹ́ẹ̀lì, ọ̀pá pẹ́dà, ọ̀pá búréèkì àti irin ẹ̀yìn.
3. Ẹ tú bóòtù tó dè é mọ́ férémù, àti pẹpẹ irin tí kì í jẹ́ kó yí po. Ẹni méjì ni kó gbé e sílẹ̀.
4. Ẹ fọ ìta rẹ̀ mọ́ tónítóní kí ẹ tó ṣí ìdérí dúdú òkè. Iyanrìn díẹ̀ tó bá já sínú rẹ̀ á ṣe ju ọ́ìlì àtijọ́ lọ.
5. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí abọ́, kí ẹ jẹ́ kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Ẹ máa fọwọ́ yí púlè àti ọ̀pá táyà láàárín, kí èyí tó há sínú pọ́ǹpù lè jáde.
6. Ẹ wọn ohun tó jáde. Ó yẹ kó lé ní lítà 2 díẹ̀. Bó bá kéré gan-an sí i, ó ti ń jò níbì kan: ẹ yẹ síìlì ọ̀pá táyà méjèèjì àti ti ọ̀pá púlè wò kí ẹ tó bu tuntun.

Ẹ wo ọ́ìlì náà nínú oòrùn. Dúdú lásán túmọ̀ sí pé ó ti gbó. Eérú tó ń dán nínú rẹ̀ jẹ́ irin tó jẹ kúrò. Díẹ̀ kò burú, àmọ́ bó bá ń dán bí ọ̀dà sílífà, ẹ má ṣe retí iṣẹ́ ìyanu lọ́dọ̀ ọ́ìlì tuntun. Bíi mílíìkì jẹ́ omi, ẹ ó ní láti bu ọ́ìlì sí i kí ẹ sì tún sàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.

5W-50 síńtẹ́tíìkì ni kí ẹ bù sí K46. 10W-30 ló wà nínú rẹ̀ láti ilé, àmọ́ 5W-50 kì í ṣàn tó o nígbà tó bá gbóná, ìyẹn sì ni gbogbo ohun tí à ń wá. Hydro-Gear ń fẹ́ 20W-50 ti ẹ́ńjìnì. Ẹ má bu ọ́ìlì gíà 90 sí i. ATF pupa, ìyẹn ọ́ìlì gíà mọ́tò ọlọ́tọmátíìkì, fẹ́lẹ́ jù. Ọ́ìlì búréèkì á jẹ síìlì run. Ẹ má kún un dé ẹnu: bó bá gbóná á fẹ̀, á sì gba ojú ìdérí tú jáde sórí bẹ́ẹ̀lì, ẹ ó sì tún padà sí ìṣòro bẹ́ẹ̀lì. Iye tó jáde nígbà tí kò jò ni kí ẹ dá padà. Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó padà, ẹ lé atẹ́gùn jáde bí a ti wí, kí ẹ sì tún wo ọ́ìlì lẹ́yìn wákàtí àkọ́kọ́ tó bá fi ṣiṣẹ́.

Bí inú gíà bá ti jẹ

Ọ́ìlì tuntun máa ń dá agbára padà fún gíà tí kò tíì jẹ jìnnà. Bó bá ṣì ń dẹwọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, pọ́ǹpù, mọ́tò tàbí irin àárín tí méjèèjì jókòó lé ti fá. A lè tú u. Òòfà àti fílítà ń bẹ nínú rẹ̀, ẹ ó bá ẹrẹ̀ irin lára wọn, ẹ sì lè fọ̀ ọ́. Bí ojú irin àárín bá kàn fá díẹ̀, àwọn kan ń fi sáńpépà 1500 sí 2000 lórí dígí títẹ́jú rọra nù ún pẹ̀lú ọ́ìlì títí á fi dọ́gba. Bí èékánná yín bá há sínú ojú fífá náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má gbé e lọ fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ lééfì: ohun tó ń gé kúrò lẹ́ẹ̀kan pọ̀ ju gbogbo àlàfo tí à ń sọ yìí lọ.

Tòkúnbọ̀ gíà ni ọ̀pọ̀ máa ń rà nígbẹ̀yìn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá ọ́ìlì ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó ṣófo kò ṣeé dán wò. Ẹ yí ọ̀pá táyà kan, èkejì á yí sí òdì kejì, ìyẹn ò sọ nǹkan kan. Ọ̀pá méjèèjì ni kí ẹ jọ yí síhà kan náà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí apá fáfù wà ní títì: ó yẹ kó le kokooko. Ẹ ṣí ìdérí kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, torí ọ́ìlì tó ti jó kì í fara pamọ́. Kí ẹ wá wo eyín ọ̀pá òkè tí púlè ń wọ̀. Bí orí eyín bá ti mú ṣóṣóró, púlè tuntun á jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ dá a padà fún wọn.